Ìyá Àgbà Kò Sọ̀ Kalẹ̀ nínú Ọkọ̀ Tí A Fẹ́ Tà

Títí di òní olónìí, bí mo bá rí ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì lójú títì, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ yọjú wò, bóyá ìyá arúgbó kan jókòó síbẹ̀. Ọkọ mi ti fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí, ó ti sú u. Ẹ̀bi mi kọ́. Ọdún kan wà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ní Port Harcourt, tí ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ kan dúró sí àgbàlá wa ní Rumuola, tó rẹwà ju gbogbo ọkọ̀ àdúgbò lọ. Bàbá mi ló jí i dìde. Wọ́n kọ "FOR SALE" sí gíláàsì iwájú rẹ̀, orí títà rẹ̀ sì ni ọ̀nà oúnjẹ gbogbo wa dúró lé. Ìyá tó bí bàbá mi wá wọ inú rẹ̀ jókòó, ó ní òun ò sọ̀.

Ilé ariwo ni ilé wa, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Panẹ́bítà ni bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, iwájú ilé tí a háyà ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà. Bí ó bá ti kírun àárọ̀ tán, òòlù á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lára irin, máṣíìnì ìránṣọ màmá mi á sì máa dá a lóhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì ni Mama Boma, aládùúgbò wa tó jẹ́ ọmọ Okrika, ti máa ń fẹ́ iná bọ̀lẹ̀ rẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun àti ẹja tó fi ata àti epo pupa pa lára. Òórùn ẹja yẹn á ti jí èmi àti Múrí àbúrò mi kí ariwo tó jí wa. Òjò Port Harcourt náà rèé, kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. A ó kàn gbọ́ Bàbá tó ń pariwo pé kí a sáré gbé ọ̀dà wọlé, gbogbo ilé á dà jáde, Mama Boma náà á fi bọ̀lẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti bá wa gbé e. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa da omi sára irin bí Bàbá bá ń fi sáńpépà họ ọ́. Iṣẹ́ Múrí ni láti ṣa ìṣó nílẹ̀ kó má gún táyà oníbàárà. Á ṣa méjì, á gbàgbé mẹ́wàá. Pidgin ló wà lẹ́nu àwa méjèèjì nígbà yẹn. Yorùbá wa ń tiro, àfi tí Màmá bá ń bínú ni gbogbo rẹ̀ máa ń yé wa kedere.

Òkú ni ọkọ̀ náà nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀gá aṣọ́bodè kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló ni ín tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó ń kó ẹrù lọ sílé, ó pe bàbá mi, ó ní, "Ráfíù, ó ti dógùn-ún tán, n ò lè wọ́ ọ délé. Bí o bá lè jí i, tìẹ ni." Adìyẹ Mama Boma ló kọ́kọ́ fi í ṣe ilé, ó ń yé ẹyin sórí ìjókòó awakọ̀, a sì ń jẹ nínú ẹyin náà láìjẹ́ kí olówó rẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ Àìkú tí oníbàárà kì í wá ni Bàbá máa ń dojú kọ ọ́. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: ọdún kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọdún kejì ilẹ̀kùn. Ohun tí kò bá rí rà, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ lù ú jáde. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ iwájú rẹ̀ lápá òsì, irin dúrọ́ọ̀mù epo ni, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n. Mékáníìkì ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a jí ẹ́ńjìnnì. Màmá fi rẹ́síìnì pupa tó dà bí awọ rán ìjókòó, abẹ́rẹ́ ń ṣẹ́, ó ń ṣépè fún abẹ́rẹ́. Nígbà tí Bàbá kùn ún ní búlúù tó dúdú bí aró, tó fi funfun sí òkè rẹ̀, Mama Boma fi ọwọ́ bo ojú, ó ní, "Oga Rafiu, this your motor go blind person o!" Bàbá mi, tí kì í rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, rẹ́rìn-ín títí di ọjọ́ kejì.

Kì í ṣe pé ó wù ú láti tà á. Onílé wa ló ní òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí iwájú ilé, kí Bàbá wá ibòmíràn gbé òòlù rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ panẹ́bítà kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé rù kiri. Ilẹ̀ kan wà ní Rumuokoro, tí kò jìnnà sí ibi tí àwọn ọkọ̀ èrò ti ń gbéra, níbi tí ọkọ̀ tí wọ́n ti gbá lára kì í wọ́n. Onílẹ̀ gbà láti dì í mú fún Bàbá di ìparí oṣù. Bí ọkọ̀ bá tà, ilẹ̀ di tiwa. Bí kò bá tà, a ò mọ ibi tí iṣẹ́ yóò gbà. Àwa ọmọdé kò tilẹ̀ rò ó pé kò ní tà. Múrí ti sọ ajá tí a máa sìn ní Rumuokoro lórúkọ.

Inú oṣù yẹn gan-an ni Ìyá Àgbà dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú láfún, kajú yíyan, àti àdúrà tí kò lópin. Bàbá bàbá mi ti kú, nínú gbogbo ọmọ tí Ìyá Àgbà sì bí, bàbá mi nìkan ló kù. Ọdọọdún ló máa ń wá kí wa. Ní ọjọ́ kẹta tó dé, bí a ṣe ń jẹun ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́, ó ní, "Àkànní, wọ́n ní o fẹ́ ra ilẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Níbí?"

"Níbí ni, Màmá."

Ó jẹ láfún rẹ̀ tán, ó ṣan ọwọ́, ó ní, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé o." Èmi rò pé ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ máa padà sílé ló ń sọ, mo tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì lọ. Ìgbà tí mo ní ọmọ tèmi ni mo tó mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Lójú rẹ̀, ẹni tó háyà ilé yóò padà wálé lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ sí ìdálẹ̀ ti ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n má retí òun mọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Àmọ́ Ìyá Àgbà kì í bá èèyàn jà, kì í sì í sunkún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kàn ní òun fẹ́ wo inú ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ.

Ẹni tí kò bá tíì wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì rí kò mọ ohun tí mò ń wí. Kò sí ilẹ̀kùn fún ará ẹ̀yìn. A ó ṣẹ́ ìjókòó iwájú síwájú, èèyàn á tẹ̀, á yí ara bírí, á fi ìdí ṣáájú. Màmá mi ń tì í láti ìta, èmi ti wọ inú lọ, mò ń fa ọwọ́ rẹ̀, Múrí gbé bàtà rẹ̀ dání, Ìyá Àgbà ń pe Ọlọ́run. Nígbà tó jókòó tán, ó mí kanlẹ̀, ó fi ọwọ́ pa rẹ́síìnì. "Ìyàwó, ìwọ lo rán èyí? Ọwọ́ ẹ ò ní rọ." Ó fi ẹ̀yìn tì, ó dijú. Nígbà tí Màmá ní kí ó máa bọ̀ kí oúnjẹ má tutù, ó ní, "Gbé e wá síbí. Ẹ ti gbé mi wọlé, ẹ jẹ́ kí n sinmi." Ìrun ọ̀sán ló mú un jáde lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bó bá ti kírun àárọ̀, ó di inú ọkọ̀ títí di alẹ́, tòun ti tẹ̀sùbáà àti pákò rẹ̀. Ìrun àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ló ń mú un sọ̀, á tún ní kí a gbé òun padà.

Ta ló máa ní kí ó dìde? Kò sí ọmọ tí a kọ́ ní ilé Yorùbá tí yóò gbé àgbà dìde níbi tó jókòó sí, ká má tíì sọ ìyá tó bíni lọ́mọ. Màmá gbìyànjú pẹ̀lú ọgbọ́n. Ó ní, "Màmá, ooru á mú yín níbẹ̀." Ìyá Àgbà ní, "Ṣí fèrèsé." Ó ní ẹ̀fọn pọ̀. Ìyá Àgbà ní ẹ̀fọn Ògbómọ̀ṣọ́ tóbi jù wọ́n lọ. Mama Boma, tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú Yorùbá, gbé bọ̀lẹ̀ fún un gba ojú fèrèsé, Ìyá Àgbà wò ó tìfura tìfura, ó tọ́ ọ wò, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni mò ń ra bọ̀lẹ̀ fún un, epo ẹja ń kán sórí rẹ́síìnì pupa, màmá mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò ó bí ẹni pé ara òun ni epo náà ń kán sí. Ní ti èmi àti Múrí, ayé dé. Bí a bá ti ilé-ìwé dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la máa há ara wa mọ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó ń kọ́ wa ní oríkì ilé wa, a ń fún un ní kíún Pidgin. Ó di pé bí òjò bá ṣú, Ìyá Àgbà á yọ orí, á ké sí Mama Boma, "Rain dey come o!" gbogbo ilé á sì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín.

Oníbàárà àkọ́kọ́ wá láti Aluu, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kọ́ ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì múra. Àárọ̀ kùtù ló dé. Àárọ̀ ni bàbá mi sì máa ń kí ìyá rẹ̀, kì í bẹ̀rẹ̀ kí i. Ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja ni, àyà kan ilẹ̀, bó ṣe ń ṣe é láti kékeré. Ìyá Àgbà kúrú, gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn kéré, ẹni tó bá dúró lẹ́nu géètì kò lè rí i. Ohun tí arákùnrin yìí rí ni géńdé ọkùnrin tó nà gbalaja síwájú ọkọ̀ òfìfo, tó ń kí ọkọ̀, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ohùn kan sì jáde láti inú ọkọ̀, ó ń ṣàdúrà gígùn, bàbá mi ń ṣe àmín lórí iyanrìn. Mo rí ojú arákùnrin náà. Ó ní, "Abeg, I dey come," ó sì lọ. Kò padà wá mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Rumuola ti gbọ́ pé ọkọ̀ panẹ́bítà ń sọ̀rọ̀, pé ó ń gba ìkíni láràárọ̀. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá kò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo rí èjìká rẹ̀ tó ń gbọ̀n, mo rò pé ó ń sunkún, mo sáré lọ bá a, ẹ̀rín ni.

Ṣùgbọ́n oṣù ń lọ. Onílé ti já iyanrìn sí ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ tí Màmá ń sọ fún Bàbá ní kọ̀rọ̀ pé, "Ẹ bá Màmá sọ̀rọ̀, Bàbá Síkírá. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù."

Bàbá ní, "Kí ni kí n sọ? Kí n ní kí ìyá mi dìde?"

Ẹni kejì tó wá, ọkọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ ló wá wò. Elder Nyeche ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ikwerre, àgbà olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní ìtòsí Rumuokoro. Ó dé àkẹtẹ̀, ó mú ọ̀pá dání, ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó wọlé. Ó yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ̀ba, ó yọjú wo ẹ̀yìn, ó bá Ìyá Àgbà pẹ̀lú bọ̀lẹ̀ lẹ́nu. Ó ṣí àkẹtẹ̀. "Mama, good morning o."

Ìyá Àgbà ní, "Síkírá, ta ni bàbá yìí?" Bí mo ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn, èmi tí Yorùbá mi ń tiro. Ìyá Àgbà bi í léèrè ilé, ọ̀nà, ìyàwó, ọmọ, bóyá ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Elder Nyeche ní ìyá òun ti kú, pé bí ìyá náà ṣe máa ń jókòó sójú kan nìyí. Ìyá Àgbà ṣàdúrà fún òkú. Lẹ́yìn náà, ó gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Sọ fún un pé ọkọ̀ yìí ń mu epo jù. Sọ fún un pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá òsì, irin dúrọ́ọ̀mù lásán ni."

Mo wo bàbá mi. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Kò ní sọ pé irọ́ ni, nítorí pé òótọ́ ni. Mo kọjú sí Elder Nyeche, mo ní, "She say na my papa use him own hand beat that side, sir. From drum." Òótọ́ lèmi náà sọ. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti iwájú dé ilẹ̀kùn, ó wá ibi tí irin ti so pọ̀, kò rí i. "With hand?" ló ń wí. "Drum? With hand?" Ó ní òun fẹ́ wà á díẹ̀.

Bàbá yọjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá, bàbá yìí fẹ́..." Elder Nyeche gbá a léjìká. "Leave Mama. Who dey pursue him mama comot for chair? Una enter, make we go."

Báyìí la ṣe jáde: Elder Nyeche nídìí ọkọ̀, Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi, Ìyá Àgbà àti Múrí lẹ́yìn, Màmá àti Mama Boma ń juwọ́ láti ẹnu géètì. Mi ò lè ṣàlàyé ayọ̀ ọjọ́ yẹn tán. Ọkọ̀ náà ń kùn lábẹ́ wa, atẹ́gùn gba fèrèsé wọlé, ó ń ṣí gèlè Ìyá Àgbà, oòrùn ń tàn lára búlúù yẹn. Ojú ọ̀nà Rumuigbo la gbà. Gbogbo ibi tí a kọjá ni àwọn ọlọ́kadà ti ń yà fún wa, àwọn mékáníìkì ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń pariwo, "Oga Rafiu! Oga Rafiu, you do am!" Ìyá Àgbà di apá mi mú.

"Ta ni wọ́n ń pè?"

"Bàbá wa ni, Ìyá Àgbà."

"Gbogbo ibí ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n?"

"Gbogbo ibí."

Ọkọ̀ tó ń jókòó sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, òun náà kò tíì rí i kó rìn rí. Ó wo ọrùn ọmọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Àkànní, ìwọ lo ṣe èyí?" Bàbá ní, "Èmi ni, Màmá." A ń lọ títí a fi dé Rumuokoro, tí èrò àti ọkọ̀ mú kí a máa rọra rìn. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti ní, "Síkírá, sọ fún bàbá yìí kó yà síbi ilẹ̀ tí wọ́n ní bàbá rẹ fẹ́ rà." Bàbá mi yí ọrùn padà kíá. Mo sọ ọ́. Elder Nyeche yà.

Koríko ló wà lórí ilẹ̀ náà, àti igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta, àti ẹrẹ̀ tí òjò àná fi sílẹ̀. Ìyá Àgbà ní òun fẹ́ sọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Elder Nyeche ṣẹ́ ìjókòó, ó na ọwọ́ sí i, mo ń tì í lẹ́yìn, ó jáde, ó tún gèlè rẹ̀ wé. Ó rìn yí ilẹ̀ náà ká, ó gbé ìró rẹ̀ sókè nítorí ẹrẹ̀. Ó wo òkè, ó wo ọ̀nà ibi tí omi ń gbà ṣàn. Bàbá ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ó dúró lábẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lápá ìsàlẹ̀.

"Àkànní."

"Màmá."

"Níbo ni yàrá tèmi máa wà?"

Màmá ló sọ fún mi nígbà tó yá pé láti ọdún tí bàbá àgbà ti kú ni Bàbá ti ń fẹ́ bẹ ìyá rẹ̀ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, kò kàn gbójú, nítorí ta ni yóò ní kí ìyá òun fi ilé ọkọ rẹ̀ sílẹ̀? Bàbá ní, "Ibi tí ẹ dúró sí yẹn gan-an, Màmá."

Ìyá Àgbà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Ibí tutù jù, orúnkún mi ò ní gbà á. Sún un sókè díẹ̀."

Bàbá sún sókè. Ó ní kó tún sún. Ó tún sún, omi ti ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Wetin Mama talk?" Elder Nyeche bi mí.

Mo ní, "She say make you buy the motor, sir."

Ó sì rà á.